Oògùn Tí Àwọn Ọmọ Ń Rán sí Ìyá Ọ̀kà

Rùkáyátù ọmọ mi, Àṣàkẹ́ tèmi,

Mo kí ọ o. Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé o ń jẹun? Ìbéèrè kẹta yẹn ni kí o kọ́kọ́ dá mi lóhùn, nítorí mo mọ̀ pé tí ọkàn rẹ bá ti dàrú, bísíkíìtì ni o máa ń jẹ, wàá sì ní o ti jẹun. Àwa wà dáadáa níbí. Bàbá rẹ ti lọ sóko. Ìyá Ọ̀kà jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń já ewé ẹ̀fọ́, wọ́n sì ń wò mí bí mo ṣe ń kọ̀wé. Wọn kò tíì béèrè ẹni tí mo ń kọ ọ́ sí, ṣùgbọ́n mo rò pé wọ́n mọ̀.

O lè sọ pé kí ló dé tí n kò pè ọ́ lórí fóònù. Ṣebí mo pè ọ́ lọ́jọ́ Àlàmísì. N kò tíì sọ̀rọ̀ dé ibi kankan tí o fi ní, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ á fi ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀," o sì pa fóònù. Ìwé kò ṣeé pa bẹ́ẹ̀. Torí náà fi ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ sílẹ̀, jókòó, kí o kà á tán. Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì, mo mọ bí wọ́n ṣe ń mú ọmọ jókòó.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ kí ọ kú oríire. Nígbà tí o sọ fún mi pé wọ́n ti gbà ọ́ fún rẹ́sídẹ́ńsì, n kò mọ ohun tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo rò pé o ti ṣe tán. O ti jáde yunifásítì, o ti gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ apòògùn, kí ló tún kù? O wá ṣàlàyé fún mi pé o tún fẹ́ kọ́ṣẹ́ sí i lábẹ́ àwọn ọ̀gá, kí o lè mọ ìtọ́jú oògùn àwọn arúgbó lámọ̀dunjú, kì í ṣe lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù nìkan, àní nínú ilé wọn àti ládùúgbò wọn. Mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Mo ní ṣé àwọn arúgbó tún nílò apòògùn ọ̀tọ̀ ni? Lẹ́yìn náà mo wo ilé tí mo wà, mo wo yàrá Ìyá Ọ̀kà, ìyá ọkọ mi, ẹ̀rín náà sì tán lẹ́nu mi.

O tún ní Ìkàrẹ́ ni wọ́n gbé ọ sí, pé láti ibẹ̀ ni wàá ti máa lọ káàkiri ilé dé ilé, títí kan Ọ̀kà wa níbí. Inú mi dùn débi pé mo lọ sọ ọ́ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tá a jọ ń ṣe àsálátù. Lọ́jọ́ Àlàmísì yìí kan náà ni o wá ní o fẹ́ bẹ ọ̀gá yín kó jẹ́ kí o ṣe pààrọ̀ pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ kan, kí o lè lọ sí Àkúrẹ́. O ní, "Ibikíbi ni mo lè lọ, Mọ́mì, àfi Ọ̀kà." Mo mọ ìdí rẹ̀. Ìdí náà ló ń já ewé ẹ̀fọ́ lọ́wọ́ báyìí.

Jẹ́ kí n to ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹẹsẹ, nítorí mo rò pé ìdajì rẹ̀ nìkan ni o mọ̀.

Nígbà tí o wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ wa lẹ́yìn Iléyá, Ìyá Ọ̀kà ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣubú. Òòyì ń kọ́ wọn tí wọ́n bá fẹ́ dìde lórí ẹní ìkírun. Ní àsùbáà ọjọ́ kan, wọ́n forí kanlẹ̀, wọ́n gbórí sókè, wọ́n sì wó sí ẹ̀gbẹ́ kan. Gbogbo wa ní ọjọ́ ogbó ni. Bàbá rẹ ní kí wọ́n máa jókòó kírun. Èmi ń fi ẹran kún ọbẹ̀ wọn. Ìwọ nìkan lo béèrè pé, "Kí ni wọ́n ń lò?"

Ìbéèrè tó tọ́ nìyẹn, ọmọ mi. Mo fẹ́ kí o gbọ́ ọ lẹ́nu mi, nítorí n kò rò pé ẹnikẹ́ni sọ ọ́ fún ọ lọ́jọ́ náà. O wọ yàrá, o gbé ọ̀rá oògùn wọn jáde, o sì rí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mẹ́ta nínú rẹ̀. Ọ̀kan ni èyí tí wọ́n kọ fún wọn ní ọsibítù ní Ìkàrẹ́. Ọ̀kan ni èyí tí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ ń rán láti Èkó. Ìkẹta ni èyí tí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ obìnrin ń rán láti Ìlọrin. Páálí wọn yàtọ̀ síra, àwọ̀ wọn yàtọ̀, orúkọ tí wọ́n kọ sí wọn lára yàtọ̀, ṣùgbọ́n o ní oògùn kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìyá sì ń lo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láràárọ̀.

Ohun tó tẹ̀lé e ló bá nǹkan jẹ́. Àwọn ìyá àdúgbò wá kí wa, wọ́n wà lórí ẹní. O da ọ̀rá náà sílẹ̀ lójú gbogbo wọn, o ní, "Ìyá, ṣé ẹ fẹ́ pa ara yín ni? Ta ló ní kí ẹ máa gbé gbogbo ìranù yìí mì?" O kó o lọ, o dà á sí ṣáláńgá. Ìyá kò bá ọ jà. Wọ́n ń ṣa àwọn páálí tó ṣẹ́ kù nílẹ̀, wọ́n sì ń sọ fún àwọn àlejò pé, "Ọmọ ọmọ mi ni. Ó kàwé gan-an ni." Àánú wọn ṣe mí. Láti ọjọ́ náà títí o fi padà, wọn kò bá ọ jẹun nínú àwo kan náà mọ́, ìwọ tó jẹ́ pé láti kékeré ni ẹ ti jọ ń jẹun. Ìwọ náà rò pé wọ́n ti kórìíra rẹ, o di ẹrù rẹ kí ìsinmi tó parí.

Ohun tí o kò mọ̀ nìyí. Lẹ́yìn tí o lọ, wọ́n dá gbogbo oògùn dúró, àti ti ọsibítù pàápàá. Wọn kò sọ fún ẹnì kankan. Orí fífọ́ ló tú wọn fó. Mo gbé wọn lọ sí Ìkàrẹ́, dókítà wọn ẹ̀jẹ̀ wọn, ojú rẹ̀ sì yí padà. Ó ní ọ̀kan ṣoṣo ni kí wọ́n máa lò, ti ọsibítù yẹn, pé a kò gbọdọ̀ dá a dúró, a kò sì gbọdọ̀ fi òmíràn kún un. Lọ́jọ́ tó bá wù wọ́n, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ mi. Lọ́jọ́ mìíràn wọ́n á ní, "Ìyàwó, má dà mí láàmú, oògùn ti sú mi." Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ sì ti pè láti Èkó pé ọ̀rẹ́ àwọn ń bọ̀ wálé níparí oṣù, pé àwọn ti ra oògùn tuntun fún Ìyá.

Ṣé o rí ohun tó ń dẹ́rù bà mí? Tí wọ́n bá kọ gbogbo oògùn, ẹ̀jẹ̀ ríru á ṣe tirẹ̀. Tí wọ́n bá padà sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n á tún máa ṣubú, n kò sì fẹ́ kí àárọ̀ ọjọ́ kan dé tí wọn kò ní dìde mọ́ lórí ẹní. Ẹ̀rù ń bà mí, Ruka. Mo sọ ọ́ bó ṣe rí.

Má sì bi mí pé kí ló dé tí èmi kò pe àwọn ọmọ wọn kí n sọ fún wọn pé kí wọ́n yé rán oògùn. Ìyàwó ilé ni mí. Nígbà tí wọ́n gbé mi wá láti Ìkàrẹ́, n kò lè pe èyíkéyìí nínú wọn lórúkọ. Mo fún wọn ní orúkọ tèmi bí gbogbo ìyàwó ṣe ń ṣe. Mo pe ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ ní Akọ̀wé nítorí gègé tí kì í kúrò ní àpò wọn. Mo pe ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ obìnrin ní Ẹlẹ́yinjú-ẹgẹ́, ẹ̀yinjú wọn sì dára lóòótọ́. Orúkọ náà ni mo ń pè wọ́n títí dòní. Ẹni tí n kò lè pè lórúkọ, báwo ni n ó ṣe sọ fún un pé oògùn tó rà fún ìyá rẹ̀ ló ń dá ìyá rẹ̀ wó? Wọ́n á ní ìyàwó fẹ́ pín àwọn níyà pẹ̀lú ìyá àwọn. Bàbá rẹ náà nìyẹn, àbíkẹ́yìn. Tí Akọ̀wé bá wúkọ́ lórí fóònù, bàbá rẹ á ti máa ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun, bẹ́ẹ̀ ni, sà." Ìwọ ni ọmọ ilé, ìwọ náà lo sì mọ iṣẹ́ náà. A kò ní ẹlòmíràn tó jẹ́ méjèèjì.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ìwé yìí. Mo fẹ́ sọ bí mo ṣe rò pé o lè wọ ilé yìí, àti ilé àwọn arúgbó yòókù tí wọ́n máa rán ọ sí.

Àkọ́kọ́, tí o bá ti béèrè ohun tí arúgbó ń lò, tún béèrè ìdí tó fi ń lò ó. O béèrè èyí àkọ́kọ́, o kò béèrè èkejì. Èmi náà kò béèrè rẹ̀ títí di ọjọ́ tí mo ń dirun fún Ìyá. Mo bi wọ́n jẹ́jẹ́ pé kí ló dé tí wọ́n fi ń lo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣebí wọ́n mọ̀ pé iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe. Wọ́n ní, "Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni Èkó á pè mí, á ní, 'Ìyá, ṣé ẹ ti lo tèmi?' Ẹni Ìlọrin á pè, á béèrè tirẹ̀. Ṣé kí n máa purọ́ fún àwọn ọmọ mi ni? Tí mo bá ní ti ẹnì kan ni mo lò, èkejì á ní tòun kò jẹ́ nǹkan kan." Ọwọ́ mi dúró lórí irun náà. Nítorí kí wọ́n má baà purọ́, kí wọ́n má sì gbé ọmọ kan ga ju èkejì lọ, ni wọ́n ṣe ń gbé gbogbo rẹ̀ mì. Wọ́n ń sọ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan láràárọ̀ pé mo rí oore rẹ. Ìwọ wá kó oore náà dà sí ṣáláńgá lójú àlejò. O rí i bó ṣe dùn wọ́n tó.

Èyí já sí ìmọ̀ràn mi kejì. Má wulẹ̀ sọ pé kí ọmọ ẹnikẹ́ni dáwọ́ oògùn dúró. Wá nǹkan mìíràn tó lè máa rán. Jẹ́ kí Akọ̀wé máa ra èyí tí ọsibítù kọ gan-an, kó jẹ́ tiwọn ni Ìyá ń lò. Òtútù ọyẹ́ kì í ṣe kékeré láàárín àwọn òkè yìí, orúnkún sì máa ń dun Ìyá. Jẹ́ kí Ẹlẹ́yinjú-ẹgẹ́ máa rán súwẹ́tà, ìbọ̀sẹ̀, mílíìkì, tàbí ìpara orúnkún tí ìwọ bá fọwọ́ sí. Nígbà náà, tí fóònù bá dún pé ṣé ẹ ti lo tèmi, Ìyá á dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, òótọ́ sì ni wọ́n máa sọ. Kò sí nínú ìwé tí o kà, àbí ó wà níbẹ̀? Tó bá wà níbẹ̀, a jẹ́ pé ìwé náà dára.

Ìkẹta, kí o tó fọwọ́ kan ọ̀rá oògùn àgbàlagbà, jẹ́ kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e fún ọ. Mo mọ̀ pé o máa ń kánjú. Láti kékeré ni o ti ń kánjú, o máa ń dáhùn ìbéèrè kí olùkọ́ tó parí rẹ̀. Tí o bá wọlé, kúnlẹ̀ kí wọn dáadáa. Bi wọ́n léèrè oorun wọn, bi wọ́n léèrè ọmọ wọn. Tí wọ́n bá gbé omi fún ọ, mu ún. Tí wọ́n bá ní kí o jókòó, má jókòó sí àga tó ga ju tiwọn lọ. Tí àlejò bá wà níbẹ̀, fi ọ̀rọ̀ oògùn sílẹ̀ títí wọ́n á fi lọ. Ó lè gba gbogbo ìrọ̀lẹ́, kí o má tíì rí hóró kan. Kò burú. Ọjọ́ kejì, àwọn gan-an ni wọ́n á pè ọ́ sínú yàrá, wọ́n á wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, wọ́n á sì fi èyí tí wọn kò fi han dókítà hàn ọ́.

Mo tún rántí nǹkan kan. Àwọn ìlú kan wà ní Àkókó wa yìí tí èdè tí wọ́n ń sọ nílé kì í ṣe Yorùbá, ìwọ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo ṣiṣẹ́ olùkọ́ níbẹ̀, àwọn ìyá arúgbó máa ń wá gbọ́ ọ̀rọ̀ nípa ọmọ ọmọ wọn. Mo máa ń ṣàlàyé, wọ́n á ní, "A gbọ́, tíṣà, a dúpẹ́." Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á lọ. Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan sọ fún mi pé wọ́n kàn ń fi "a gbọ́" bọlá fún mi ni, pé ọ̀rọ̀ mi kò yé wọn tó bẹ́ẹ̀. Tí ìyá kan bá ní òun gbọ́ bí òun ṣe máa lo oògùn, má tíì dìde. Sọ fún un pé kó fi ọwọ́ rẹ̀ mú un hàn ọ́: èyí tó máa lò láàárọ̀, èyí tó máa lò lálẹ́. Tí ọmọ ilé kan bá wà nítòsí tó gbọ́ èdè méjèèjì, bẹ̀ ẹ́ kó bá ọ sọ ọ́. Má ṣe fi ẹ̀rín wọn ṣe ẹ̀rí pé ọ̀rọ̀ ti yé wọn.

Ti oṣù ààwẹ̀ sì ń bẹ o. Bàbá mi ní Ìkàrẹ́, tí o kò bá láyé, aláàfáà ni wọ́n, ilé kéú wọn máa ń kún fọ́fọ́. Àtọ̀gbẹ ń ṣe wọ́n. Tí ààwẹ̀ bá dé, wọ́n á kó oògùn àárọ̀ pọ̀ mọ́ tìrọ̀lẹ́, wọ́n á lò ó pa pọ̀ ní sààrì, pé kí ara lè gbé ọjọ́ náà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, oògùn náà ti fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn wálẹ̀ jù: wọ́n wà níwájú àwọn ọmọ kéú, òógùn bò wọ́n, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, wọ́n sì ń sọ ọ̀rọ̀ tí kò bára mu. Àwọn ọmọ kéú dákẹ́ jẹ́ẹ́, wọ́n rò pé nǹkan ìjìnlẹ̀ ni aláàfáà ń sọ. Ìyá mi ló wọlé tó wo ojú wọn, tó sáré po ṣúgà mọ́ omi, tó dà á sí wọn lẹ́nu. Nígbà tí ojú wọn là, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ni pé, "Ta ló ba ààwẹ̀ mi jẹ́?" Ìyá mi ní, "Èmi ni, ẹ wá fẹ́ ìyàwó mìíràn." A máa ń fi ọ̀rọ̀ náà rẹ́rìn-ín nílé títí di òní, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ọjọ́ náà kò pẹ́ rárá, nítorí díẹ̀ ló kù kí á pàdánù wọn.

Nítorí náà, kí oṣù tó lé, máa yí ilé ká. Béèrè lọ́wọ́ arúgbó kọ̀ọ̀kan bó ṣe fẹ́ ṣe oògùn rẹ̀, kí o sì bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kí ó tó di pé ó ń fúnra rẹ̀ ṣètò. Àwọn kan wà tí ara wọn kò gba ààwẹ̀ mọ́. Má ṣe jẹ́ ìwọ nìkan lo máa sọ fún wọn, mú aláàfáà àdúgbò dání, nítorí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn lẹ́nu ọmọdé kì í tètè wọlé. Àwọn Kìrìsìtẹ́nì ládùúgbò náà ń gbààwẹ̀ tiwọn, má yọ wọ́n sílẹ̀.

Èyí tó kù ló le jù fún ọ, mo sì mọ̀ ọ́. Bí o bá dé, bẹ Ìyá. Kò gba kí o ra nǹkan kan, kò gba kí o pe ẹbí jọ. Kúnlẹ̀, kí o ní, "Ìyá, ẹ má bínú, bí mo ṣe sọ̀rọ̀ yẹn kò dáa." Ṣùgbọ́n gbọ́ mi dáadáa: má ṣe bẹ̀bẹ̀ débi tí wàá fi gbé òtítọ́ mì. Mo mọ̀ ọ́, tí ojú bá ti tì ọ́ tán, o lè sọ pé kí wọ́n máa lo ohun tó bá wù wọ́n. Ìyẹn náà lè pa wọ́n. Tọrọ àforíjìn fún ohùn rẹ, má tọrọ àforíjìn fún ìmọ̀ rẹ. Ohun tí o rí nínú ọ̀rá yẹn, o rí i dáadáa, ọkàn mi sì kún fún ayọ̀ pé ọmọ tí mo bí ló rí i.

Mo mọ̀ pé àwọn ẹgbẹ́ rẹ kan ti lọ sílé iṣẹ́ ńlá, àwọn kan ti lọ sókè òkun. N kò ní sọ pé kò wù mí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bá jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí mo ń wo àwọn ìyá tó ń kọjá lọ sí ìpàdé àwọn ìyá, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn so oògùn mọ́ etí ìró, tí kò sí ẹni tó ń bi wọ́n léèrè rẹ̀, mo máa ń sọ lọ́kàn ara mi pé Ruka mi ń bọ̀. Ó máa ń tù mí nínú.

Mo dá ìwé dúró díẹ̀ níbí yìí, nítorí Ìyá pè mí. Mo ti padà dé báyìí, mo sì fẹ́ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Wọ́n ní, "Ìyàwó, Ruka lo ń kọ gbogbo èyí sí?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Ìgbà wo ló ń bọ̀?"

Mo ní ó ṣeé ṣe kó má wá mọ́. Mo sọ fún wọn pé o fẹ́ ṣe pààrọ̀, pé Àkúrẹ́ ni o fẹ́ lọ. Wọ́n gbé abọ́ ẹ̀fọ́ kúrò lórí ẹsẹ̀.

"Ta ló lé e?"

"Ìyá, ẹ̀yin ló ń sá fún. Ó rò pé ẹ ti kọ òun."

Wọ́n wá ní, "Mo bínú sí i ni. N kò kọ̀ ọ́. Ṣé ọmọ tí mo fi ẹ̀yìn mi pọ̀n ni n ó kọ̀?" Omi wà lójú wọn, wọn kò sì fi pamọ́ fún mi. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí n pe Akọ̀wé fún àwọn. Mo pè wọ́n, mo sì tẹ fóònù kí ohùn lè jáde síta.

Ìyá ní, "Oògùn tí o ní o fẹ́ fi rán ọ̀rẹ́ rẹ, jẹ́ kó wà lọ́dọ̀ rẹ ná."

Akọ̀wé ní, "Kí ló dé, Ìyá? Ṣé kò bá yín lára mu ni?"

"Ó bá mi lára mu, ó ti pọ̀ jù ni. Tìẹ, ti àbúrò rẹ, ti ọsibítù, mo ń lo gbogbo wọn. Òun ló ń gbé mi ṣubú. Mo ti ní fámásíìsì tèmi báyìí. Kí o tó ra nǹkan kan fún mi, òun ni kí o kọ́kọ́ bi."

"Ta ni fámásíìsì yín?"

"Rùkáyátù."

Akọ̀wé ní, "Ruka wa yìí?" Ìyá ní, "Ruka wa yìí ni." Akọ̀wé ní, "Ó dáa, Ìyá. N ó pè é." Nítorí náà tí o bá rí nọ́ńbà wọn lórí fóònù rẹ, gbé e. Wọn kò bínú.

Ìyá da fóònù padà fún mi, wọ́n tẹ́wọ́, wọ́n ní kí n gbé oògùn òní wá. Wọ́n lò ó lójú mi, èyí kan ṣoṣo náà. Obìnrin ilé kejì tó ń sá aṣọ ti gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tá a sọ. Ó wọlé wá, ó ń tú etí ìró rẹ̀. Ó ní, "Ìyàwó, fámásíìsì Ìyá yìí, ṣé ó lè bá mi wo tèmi náà?"

Kí n tó lanu, Ìyá ti dá a lóhùn. Wọ́n ní, "Kó kọ́kọ́ wo tèmi ná. Ìwọ lo kàn."

Ọmọ mi, wọ́n ti ń tò dè ọ́. Má kọ̀wé bẹ ọ̀gá yín pé kó jẹ́ kí o lọ sí Àkúrẹ́ mọ́.

Èmi ìyá rẹ ni,
nínú ilé yín ní Ọ̀kà.